Kámẹ́rà ike olówó pọ́ọ́kú: Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́, kí sì nìdí tí kò fi yẹ kí ẹ da nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ nù?

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà, Ghana, Mali àti Benin, àpótí kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lórí kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni kò ṣí mọ́. Álúbọ́ọ̀mù fọ́tò ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àpò bébà tí wọ́n gbà láti láàbù, àti àwọn ègé fíìmù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní nẹ́gẹ́tíìfù.

Kámẹ́rà tó ya púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò náà kì í ṣe olówó ńlá. Ike ni wọ́n fi ṣe é, ojú rẹ̀ kò ṣe é yí sọ́tùn-ún sósì, bọ́tìnnì kan péré ló sì wúlò lára rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lò ó kò nílò láti kọ́ṣẹ́ fọ́tò. Yóò kàn kọ kámẹ́rà sí ẹni tó fẹ́ yà, yóò tẹ bọ́tìnnì, ó parí.

Irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ló ya ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ọdún Iléyá àti Kérésìmesì fún àìmọye ìdílé. Kódà, lára àwọn ayàwòrán Áfíríkà tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, òun ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ dì mú.

Ní báyìí, fóònù ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ohun tó fi sílẹ̀ ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ooru àti ọ̀rinrin, ọ̀pọ̀ ìdílé kò sì mọ̀ pé nǹkan ṣì wà tí wọ́n lè ṣe sí i.

Láti orí páálí dé orí ike

Kí irú kámẹ́rà yìí tó dé, iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ọ àti àwọn olówó ni fọ́tò yíyà. Kámẹ́rà tóbi bí àpótí, ó ń dúró lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tó ń lò ó sì gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa kẹ́míkà.

Lọ́dún 1888, George Eastman, ará Amẹ́ríkà tó dá ilé iṣẹ́ Kodak sílẹ̀, gbé kámẹ́rà kan jáde tí fíìmù ti wà nínú rẹ̀. Tí oníbàárà bá yà á tán, odindi kámẹ́rà ni yóò fi ránṣẹ́ padà sí ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n bá a fọ fíìmù rẹ̀. Dọ́là 25 ni wọ́n ń tà á, owó ńlá sì ni nígbà náà.

Oṣù Kejì ọdún 1900 ni àyípadà gidi dé, nígbà tí Kodak gbé èyí tí wọ́n pè ní Brownie jáde. Páálí ni ara rẹ̀, dọ́là kan péré sì ni wọ́n ń tà á. Fíìmù rẹ̀ tó ń ya fọ́tò mẹ́fà jẹ́ sẹ́ǹtì 15. Àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ polówó rẹ̀ fún, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé kò le láti lò.

Kì í ṣe orí kámẹ́rà ni Kodak ti ń wá èrè. Ẹ̀ẹ̀kan ni èèyàn ń ra kámẹ́rà, àmọ́ gbogbo ìgbà ni yóò máa ra fíìmù, tí yóò sì máa sanwó láti fọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni ike gba ipò páálí. Lọ́dún 1963, Kodak gbé Instamatic jáde, èyí tí fíìmù rẹ̀ wà nínú ike kan tí èèyàn kàn máa ki bọ inú kámẹ́rà láìsí wàhálà. Láàárín ọdún 1963 sí 1970, ó lé ní mílíọ̀nù 50 irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe.

Ilẹ̀ Japan ni ìdàgbàsókè tó tẹ̀ lé e ti wá. Lọ́dún 1975, ilé iṣẹ́ Konica ṣe kámẹ́rà kékeré tó ní fíláàṣì lára. Lọ́dún 1977, wọ́n ṣe èyí tó ń tún ojú ara rẹ̀ tò kí fọ́tò lè mọ́ kedere. Nígbà tó di ọdún 1986, Fujifilm gbé èyí tí èèyàn máa lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo jáde: ẹ ó ya fíìmù inú rẹ̀ tán, ẹ ó sì gbé gbogbo rẹ̀ fún láàbù.

Nígbà tí ọdún 1980 àti 1990 fi ń lọ, kámẹ́rà ike tó ń lo fíìmù onímìlímítà 35 ti kún inú ọjà kárí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó ti òkè òkun dé máa ń mú un wá bí ẹ̀bùn, àwọn mìíràn sì ń rà á ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta bátìrì àti aago.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé èèyàn mọ nǹkan kan?

Àwọn ayàwòrán gidi máa ń pinnu nǹkan mẹ́ta kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì: bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ṣe jìnnà sí, bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe máa fẹ̀ tó, àti bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa pẹ́ tó lórí fíìmù.

Nínú kámẹ́rà tó rọrùn jù lọ, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti pinnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kò sì ní yí padà títí tí kámẹ́rà náà yóò fi bàjẹ́.

- Gíláàsì ojú rẹ̀ kò ṣe é sún. Wọ́n ti gbé e sí ibi tí ohunkóhun tó bá ti jìnnà tó bíi mítà kan àbọ̀, títí dé ọ̀nà jíjìn, yóò fi hàn dáadáa.

- Ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré. Ihò kékeré máa ń jẹ́ kí ohun tó wà nítòsí àti èyí tó wà lókèèrè hàn papọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ojú ń dùn ṣe máa ń fún ojú pọ̀ kó tó lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán.

- Ìlẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́yìn gíláàsì náà máa ń ṣí, ó sì máa ń pa dé láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ó yá tó láti mú ẹni tó dúró jẹ́ẹ́, àmọ́ kò yá tó láti mú ọmọ tó ń sáré.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni kámẹ́rà kan náà ṣe ń ya fọ́tò nínú oòrùn ọ̀sán gangan, tó tún ń yà á nígbà tí òjò ṣú?

Ìdáhùn rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ kámẹ́rà. Fíìmù ló ń gbé ẹrù náà. Fíìmù aláwọ̀ mèremère tó ń ṣe nẹ́gẹ́tíìfù ní sùúrù púpọ̀ fún ìmọ́lẹ̀ tó bá pọ̀ jù. Bí èyí tó wọlé bá tó ìlọ́po mẹ́rin èyí tó yẹ, láàbù ṣì lè tẹ fọ́tò tó dára jáde láti ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ fún òkùnkùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá dé, kò sí ohunkóhun níbẹ̀ tí láàbù lè yọ jáde. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ yà pé kó kọjú sí oòrùn.

Kí ló dé tí orí fi ń gé, tí ojú sì ń pọ́n?

Ẹni tó bá ti wo álúbọ́ọ̀mù àtijọ́ rí mọ àwọn àṣìṣe wọ̀nyí dáadáa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ìdí tirẹ̀.

Orí tó gé: Ihò tí ẹni tó ń ya fọ́tò ń wò kì í ṣe ojú kámẹ́rà. Ó wà lókè rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ẹni tí wọ́n ń yà bá wà lókèèrè, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Tó bá sún mọ́ jù, ohun tí ayàwòrán rí àti ohun tí fíìmù rí kì í ṣe ọ̀kan náà mọ́.

Ojú tó pọ́n: Fíláàṣì wà nítòsí gíláàsì jù. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gba ẹyinjú wọlé, ó ń kan ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn ojú, ó sì ń padà tààrà sínú kámẹ́rà.

Àwọn tó wà lẹ́yìn tó ṣókùnkùn: Agbára fíláàṣì kékeré kì í sábà kọjá mítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹni tó bá jìnnà ní ìlọ́po méjì yóò gba ìdá mẹ́rin péré nínú ìmọ́lẹ̀ tí ẹni iwájú gbà. Nínú fọ́tò òde àríyá, ìlà àkọ́kọ́ á mọ́lẹ̀ gbòò, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì dà bí òjìji.

Àṣìṣe kan tún wà tí kì í ṣe ti ẹni tó ya fọ́tò rárá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí àwọn láàbù Kodak fi ń díwọ̀n àwọ̀ jẹ́ fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun kan. Orúkọ tí wọ́n sì ń pe káàdì náà ni Shirley.

Ara àwọ̀ funfun ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n, nítorí náà ojú àwọn aláwọ̀ dúdú kì í hàn dáadáa, pàápàá nígbà tí wọ́n bá jókòó pọ̀ mọ́ ẹni tó pupa. Eyín àti funfun ojú nìkan ló máa ń yọ nígbà mìíràn.

Àròyé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tó ń ṣe àga onígi wà lára ohun tó mú kí Kodak tún fíìmù rẹ̀ ṣe. Wọ́n ní àwọ̀ ọjà àwọn kò jáde bó ṣe yẹ nínú fọ́tò ìpolówó. Àwọn káàdì tó ní obìnrin aláwọ̀ funfun, dúdú àti ará Asia papọ̀ sì dé lẹ́yìn náà.

Àwọn gbajúgbajà tó fi kámẹ́rà kékeré bẹ̀rẹ̀

Ní ìlú Bamako, olú ìlú Mali, Seydou Keïta ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà nígbà tí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ti Senegal dé lọ́dún 1935, tó sì fún un ní kámẹ́rà Brownie. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yà. Lọ́dún 1948, ó ṣí ilé ìyafọ́tò tirẹ̀, àwọn èèyàn Bamako sì ń tò wá síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó dára jù tí wọ́n ní.

Malick Sidibé náà, ọmọ abúlé Soloba, fi owó tó kó jọ ra Brownie Flash lọ́dún 1956, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé kan ní Bamako. Fíláàṣì yẹn ló fi wọ òde àríyá àwọn ọ̀dọ́ lálẹ́, ibi tí àwọn ayàwòrán tó ní kámẹ́rà ńláńlá kì í dé. Lọ́dún 2007, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà Venice ní Ítálì. Òun ni ayàwòrán àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn náà fún àpapọ̀ iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Ní Ghana, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní iṣẹ́ apẹ̀rẹ̀ híhun ni James Barnor nígbà tí kámẹ́rà Brownie oníke tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó ya fọ́tò ní Accra nígbà ìjà òmìnira, ó lọ sí London lọ́dún 1959, nígbà tó sì padà sílé, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú fọ́tò aláwọ̀ mèremère wọ Ghana.

Ní Nàìjíríà, J.D. 'Okhai Ojeikere, tí wọ́n bí lọ́dún 1930 ní agbègbè tó di ìpínlẹ̀ Ẹdó, ra Brownie D lọ́dún 1950. Kò ní fíláàṣì. Lọ́dún 1954, ó rí iṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìròyìn nílùú Ìbàdàn. Láti ọdún 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà, àwọn fọ́tò irun náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 kó tó jáde láyé lọ́dún 2014.

Gbogbo wọn ló padà ra kámẹ́rà tó dára ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé kámẹ́rà olówó ńlá nìkan ló wà nígbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́, ó ṣeé ṣe kí Keïta ṣì máa gé pákó.

Fọ́tò 36, kò gbọdọ̀ sí èyí tó ṣòfò

Fíìmù onímìlímítà 35 sábà máa ń ya fọ́tò 24 tàbí 36. Ẹ̀ẹ̀kan tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, owó ti lọ, bóyá fọ́tò náà dára tàbí kò dára.

Èyí ló fà á tí àwọn èèyàn fi máa ń múra dáadáa kí wọ́n tó dúró níwájú kámẹ́rà. Òun náà ló fà á tí fíìmù kan ṣoṣo fi lè ní fọ́tò Ọdún Àjíǹde àti ti Kérésìmesì nínú, nítorí pé ìdílé náà kò fẹ́ lọ fọ̀ ọ́ láìtíì tán.

Ní Bamako, Sidibé máa ń fọ fíìmù rẹ̀ ní òru tó bá ti ti òde àríyá dé. Yóò lẹ àwọn fọ́tò kéékèèké mọ́ páálí pẹ̀lú nọ́ńbà, yóò gbé e síta ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó lọ sí òde náà yóò sì wá yan èyí tí wọ́n fẹ́ rà.

Ní Nàìjíríà, àwọn ayàwòrán òde àríyá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ẹ̀rọ láàbù tó ń fọ fọ́tò ní wákàtí kan dé. Wọ́n á ya àwọn àlejò bí wọ́n ṣe ń wọlé, wọ́n á sáré lọ sí láàbù, kí ìjókòó tó tú, wọ́n ti tẹ́ fọ́tò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá rí ojú ara rẹ̀ yóò sanwó. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá rà, àdánù ni.

Kódà ìyókù fíìmù ní ìwúlò. Samuel Fosso, ọmọ Igbo tí wọ́n bí ní Cameroon lọ́dún 1962, ṣí ilé ìyafọ́tò ní Bangui, olú ìlú Central African Republic, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13. Tí àwọn oníbàárà bá lọ tán tí fíìmù ṣì kù, ara rẹ̀ ló máa ń fi ìyókù yà, kó lè fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ àgbà ní Nàìjíríà. Àwọn fọ́tò yẹn ló sọ ọ́ di olókìkí.

Kí ló gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́, kí sì nìdí tí àwọn ọ̀dọ́ tún fi ń wá a?

Nígbà tí kámẹ́rà wọ inú fóònù, kò sí ìdí láti máa ra fíìmù mọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2012, Kodak fúnra rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ láti sọ pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ láàbù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti ilẹ̀kùn, àwọn tó kù sì yí sí fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àti títẹ fọ́tò láti inú fóònù.

Síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan ti padà sí fíìmù láti bí ọdún mélòó kan. Wọ́n fẹ́ràn àwọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn pé èèyàn kò lè wo fọ́tò lójú ẹsẹ̀ kó tún un yà nígbà ogún. Lọ́dún 2022, kámẹ́rà ike tuntun kan tó ń jẹ́ Ektar H35 jáde pẹ̀lú orúkọ Kodak. Ó ń pín àyè fọ́tò kan sí méjì, fíìmù tó ń ya 36 tẹ́lẹ̀ wá ń ya 72.

Tí ẹ bá rí kámẹ́rà àtijọ́ nílé tí ẹ sì fẹ́ lò ó, ẹ ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́rin yìí:

- Ẹ má ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kíákíá. Fíìmù lè ṣì wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò sì ba fọ́tò ibẹ̀ jẹ́. Tó bá ní ọwọ́ kékeré tí wọ́n fi ń ká fíìmù padà, ẹ rọra yí i wò. Tó bá ń le, fíìmù wà nínú rẹ̀ nìyẹn.

- Ẹ wo ilé bátìrì. Bátìrì tó pẹ́ níbẹ̀ máa ń da omi jáde, omi náà sì máa ń jẹ irin.

- Ẹ má tú èyí tó ní fíláàṣì, pàápàá èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan. Iná tó ń kó jọ fún fíláàṣì lè gbá èèyàn gan-an, kódà lẹ́yìn tí ẹ bá yọ bátìrì.

- Ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ yẹ fíìmù yín wò. Àwọn ẹ̀rọ ayẹrù tuntun lè bà á jẹ́.

Nẹ́gẹ́tíìfù ni fọ́tò gan-an

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń pa fọ́tò bébà mọ́ tí wọ́n sì máa ń da nẹ́gẹ́tíìfù nù. Ó yẹ kó jẹ́ òdìkejì rẹ̀.

Nẹ́gẹ́tíìfù ni ohun tó wà nínú kámẹ́rà lọ́jọ́ náà. Òun ni ìmọ́lẹ̀ tó kúrò lójú ẹni tí wọ́n ń yà fúnra rẹ̀ kàn. Ibi tó funfun lára ẹni náà ló dúdú lára rẹ̀, ibi tó dúdú ló sì mọ́lẹ̀. Fọ́tò bébà kàn jẹ́ ẹ̀dà tí láàbù tẹ̀ láti ara rẹ̀ ni.

Tí fọ́tò bébà bá pọ́n, tó ṣá, tàbí tó ya, wọ́n lè tẹ òmíràn. Tí nẹ́gẹ́tíìfù bá bàjẹ́, ó parí. Ẹ̀wẹ̀, ohun tó wà lára nẹ́gẹ́tíìfù pọ̀ ju èyí tó hàn lórí bébà lọ. Ojú tó ṣókùnkùn lórí fọ́tò nítorí pé láàbù kò fara balẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lè hàn tí wọ́n bá tún un tẹ̀.

Ohun méjì tó ń pa á ni ooru àti ọ̀rinrin, méjèèjì ló sì pọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ike tó gbé fíìmù dúró máa ń jẹrà. Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀, yóò máa rùn bíi fínígà, lẹ́yìn náà ni yóò sún kì, tí yóò sì ká kò. Èyí tó bá ti ń rùn lè mú kí àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ tètè jẹrà pẹ̀lú.

Ohun tí wọ́n rí nítorí pé ẹnì kan pa á mọ́

Lọ́dún 1991, wọ́n ṣe àfihàn fọ́tò kan ní New York tí iṣẹ́ Keïta wà nínú rẹ̀, àmọ́ wọn kò mọ ẹni tó yà wọ́n. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ayàwòrán náà kò lórúkọ. Nígbà tí wọ́n wá a dé Bamako, ó ṣì wà láyé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ sì wà nínú àpótí. Láti ara wọn ni wọ́n ti tẹ àwọn fọ́tò ńláńlá tó gbé orúkọ rẹ̀ jáde kó tó kú lọ́dún 2001.

Ọmọ Yorùbá kan náà wà nínú ìtàn yìí. Wọ́n bí Tijani Àdìgún Sitou nílùú Ṣakí lọ́dún 1932, ó rìnrìn àjò lọ sí Mali, ó sì di ayàwòrán ní ìlú Mopti, níbi tó ti ya àwọn Fúlàní, Bambara àti onírúurú èèyàn tó ń gba ìlú etí odò náà kọjá.

Nẹ́gẹ́tíìfù tirẹ̀ àti ti Sidibé wà lára bíi 100,000 tí àwọn òṣìṣẹ́ ní Bamako àti ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Michigan, Amẹ́ríkà, ti ń fọ̀ mọ́, tí wọ́n ń tò sínú àpò bébà, tí wọ́n sì ń ṣe sikáànù rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń rí ẹni gbà á là nírọ̀rùn. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, nígbà rògbòdìyàn ní Bangui, wọ́n kó ilé Fosso lẹ́rù. Nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ fọ́n káàkiri títì. Àwọn oníròyìn tó ń kọjá ló rí i, tí wọ́n sì ṣa ohun tí wọ́n lè ṣà kó tó ṣòfò.

Kí ni ẹ lè ṣe sí èyí tó wà nílé yín?

- Ẹ gbé e kúrò lókè àjà, nítòsí ògiri tó ń rin, àti ní ibi tí oòrùn ń dé. Yàrá tó tutù jù nínú ilé tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ló dára.

- Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá, kí ẹ fi sínú àpò bébà funfun. Ẹ kọ ọdún àti ibi tí wọ́n ti yà á sára àpò náà kí ẹ tó ki fíìmù bọ̀ ọ́.

- Ẹ di etí rẹ̀ mú. Òógùn ọwọ́ máa ń fi àpá sílẹ̀ tí kò ní kúrò mọ́.

- Ẹ fi àwọn àpò kéékèèké tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, sí inú àpótí náà.

- Ẹ ya èyí tó bá ń rùn bíi fínígà sọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ ṣe sikáànù tirẹ̀. Kò ní àsìkò púpọ̀ mọ́.

- Ẹ má fi ipá ṣí fọ́tò bébà tó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì tàbí mọ́ álúbọ́ọ̀mù. Bó ṣe wà yẹn ni kí ẹ ti yà á.

Tí kò bá sí ẹ̀rọ sikáànù nítòsí, fóònù lè ṣe díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù kan funfun báláú, ẹ fi bébà tín-ín-rín tàbí ike funfun bo ojú rẹ̀, ẹ gbé nẹ́gẹ́tíìfù lé e, kí ẹ sì fi fóònù mìíràn yà á láti òkè. Ọ̀pọ̀ áàpù tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe ló lè yí dúdú rẹ̀ sí funfun. Kò ní dára tó ti ẹ̀rọ gidi, àmọ́ ó sàn ju kí ó jẹrà láìsí ẹ̀dà. Ẹ má ṣe da èyí tí wọ́n fi ṣe é nù.

Iṣẹ́ kan wà tí ẹ̀rọ kankan kò lè bá yín ṣe. Sikáànù lè gba ojú èèyàn là, kò lè sọ orúkọ rẹ̀. Ẹ gbé àwọn fọ́tò náà lọ bá ìyá àgbà, bàbá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n tó dàgbà jù nínú ẹbí, kí ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó dúró lápá òsì, ìnáwó ta ni wọ́n lọ, ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ tó wà nílẹ̀ yẹn wà báyìí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ń sọ ọ́, nítorí pé nẹ́gẹ́tíìfù lè lo àádọ́ta ọdún sí i tí ẹ bá tọ́jú rẹ̀, àmọ́ àwọn tó mọ orúkọ kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀.